Àtẹ̀gùn Tí Bàbá Kò Gùn

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà pupa, ó máa ń rẹ̀ mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà, mo háyà yàrá kan ní Igbónà, mo sì gbà pé kò sí ìwé tó lè lágbára jù mí lọ. Bàbá oníṣòwò kan láti Iléṣà ní kí n bá òun gba ìwé àṣẹ ilé alájà mẹ́rin tó fẹ́ kọ́ sí àárín Òṣogbo. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún: "Ọmọ mi, jẹ́ kó yá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè."

Ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn tó ń yẹ àwòrán ilé wò á fọwọ́ sí i, á di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò, kó tó kan àwọn panápaná. Bí ẹnì kan bá lọ fún ìsinmi, fáìlì á dúró dè é. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó síwájú ìyá àgbà tó ń tọ́jú fáìlì.

"Bọ̀dá yunifásítì, ẹ tún ti dé," ni yóò wí. "Fáìlì ò lẹ́sẹ̀ o. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ṣì wà níbi òkú àna rẹ̀ ní Ìwàrà."

Ìjọ Bàbá ti mú ọjọ́ àdúrà ìpìlẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé ìwé kò tíì jáde, nítorí èmi ni mo ti ṣèlérí pé kò ní pẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà gbàdúrà nìkan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó Ìjẹ̀ṣà jọ sídìí ìpìlẹ̀, tí wọn kò ní po sìmẹ́ǹtì? Àlùfáà kò tíì ṣe àmín tán tí àwọn bíríkìlà fi dà á. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ìpìlẹ̀ náà pé kí iṣẹ́ dúró, fáìlì wa sì padà sórí tábìlì àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti lo òwe yẹn nínú àròkọ rí.

Bàbá kò bá mi wí. Kí ìwé tó jáde, kí ilé sì tó parí, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó jókòó nísàlẹ̀, ó ní kí n gòkè dípò òun.

"Kí lo rí?" ló bi mí nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀.

Òrùlé páànù ni mo rí. Mo ní mo rí àwọn òkè Iléṣà. Ó rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Láìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ mi obìnrin lọ ra bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan lókè ilé náà. Èmi náà jókòó nísàlẹ̀, nítorí orúnkún mi. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo bi í pé kí ló rí lókè. Ó ní òrùlé páànù ni. Ta ni ì bá sọ fún un pé ó yẹ kó purọ́ fún mi?