Ẹ̀bùn Àká

Àbúrò mi ọkùnrin kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, kó dúró dìgbà tó bá bọ́ aṣọ iṣẹ́, tó bọ́jú, tó sì wúkọ́ eruku dànù tán. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bọ̀ wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé ṣẹ̀fẹ̀, àwọn èèyàn ní ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀.

Ológbò ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni èmi àti òun jọ wà. Àwọn àká onírin gogoro tò sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, inú wọn ni wọ́n ń da àlìkámà sí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí ọkà bá pẹ́ nínú àká, á dì mọ́ ara ògiri bí èépá ojú egbò, kò ní í ṣàn wálẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ní láti gba òkè wọlé, kó fi ọ̀pá gún un títí á fi já. Iṣẹ́ àbúrò mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ àkàbà í gùn bíi tirẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ológbò kì í kanlẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n inú àká kò nílẹ̀. Bí ọkà bá já lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, á gbé e mì bí ẹni gbé òkèlè mì, kó tó la ẹnu pariwo ó ti dé ọrùn. Ìdí nìyẹn tí okùn fi gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí ẹni tó wọlé, tí ẹlòmíràn á sì dúró lókè, á di okùn náà mú. Ẹni tó di okùn mú kì í mu omi, kì í tọ̀, kì í wẹ̀yìn.

Mo mọ èyí nítorí inú àká ni ọkọ mi kú sí. Okùn ló já. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fún mi níṣẹ́ nídìí àpò, kí n máa rán ẹnu àpò ìyẹ̀fun, kí n sì máa gbálẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rán ọmọ mi kan ṣoṣo lọ sí yunifásítì. Àdéhùn ilé iṣẹ́ ni: òṣìṣẹ́ tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ títí á fi parí, oúnjẹ àti ibùsùn pẹ̀lú. Orúkọ gígùn kan wà tí wọ́n kọ fún un sára ògiri ọ́fíìsì. Àwa òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ẹ̀bùn Àká. A kì í pè é sókè.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin àbúrò mi rí ààyè ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ìròyìn dé ni bàbá rẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà.

“Nọ́ọ̀sì, wá bá mi wo orúnkún mi.”

“Bàbá, mi ò tíì kọ́ ti orúnkún.”

“Kí lo wá ti kọ́?”

“Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó káàdì. Ẹ mú un wá.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé náà ju apá wọn lọ. Wọ́n wá ọ̀nà títí. Ilé ìfowópamọ́ kan ń fún ọmọ tó bá mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣe ìdánwò wọn, ó yege, wọ́n ní ààyè ti kún. Yunifásítì náà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ọwọ́ nínú ọgbà, bíi kó máa to ìwé tàbí kó máa fọ aṣọ, àmọ́ ohun tó ń wá látibẹ̀ kò lè kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Ó wá ku owó yíyá ìjọba, tí ọmọ á máa san padà díẹ̀díẹ̀ bó bá ríṣẹ́. Èyí ì bá dára, àfi pé ó fẹ́ onídùúró méjì tí owó oṣù wọn jọjú. Olùkọ́ rẹ̀ gbà láti dúró. Ẹnì kejì, gbogbo wa la mọ ẹni tó yẹ kó jẹ́. Ọmọ mi ni, tí Ẹ̀bùn Àká sọ di ẹnjiníà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn.

Ọmọ mi kọ̀. Ó ní, “Màmá, mo lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ẹ má ní kí n fọwọ́ síwèé. Èmi kì í fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni.” Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní iṣẹ́ ń pe òun, ó sì pa fóònù.

Mo sọ fún àbúrò mi. Ó ní, “Kò burú. Ẹni tó yó kì í mọ̀ pé ebi ń pa ẹnìkejì rẹ̀.” Ó wá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbá ilẹ̀ tó kù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ó kun ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó gbé bàtà rẹ̀ tó dára jù fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó ní ó ń ha òun lẹ́sẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi tó ń jò, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹnu rẹ̀, tí wọ́n ń fi rọ́bà tuntun sí i. Ìyàwó ní, “Kí ni mo fẹ́ fi sípánà ṣe nígbà tí mo lọ́kọ nílé?” Ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó wá jókòó tì mí nídìí àpò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ọkọ yín kú, ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé ìwé ọmọ yẹn?”

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo kàn béèrè ni.”

“Ẹnì kan kì í kàn béèrè ọ̀nà itẹ́ òkú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi yìí sá! Ẹ ti tún dé.” Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ṣòkòtò, ó sì súfèé lọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó máa ń di okùn rẹ̀ mú ni wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bàbá orí pípá kan tí kì í kánjú, kódà bí òjò ń rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sórí bẹ́ǹṣì mi.

“Ìyá Alápò, ẹ bá mi bá àbúrò yín wí o. Láti inú àká ló ti ń kígbe sí mi lánàá pé kí n lọ mu omi. Èmi! Èmi tí mo ti ń di okùn látìgbà tí irun ti wà lórí mi! Mo ní kó gòkè wá ká jọ lọ mu ún. Lónìí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, ‘So okùn mọ́ irin, kó o máa lọ.’ Bóyá omi ló fẹ́ fi mí ṣe. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.”

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi. Oúnjẹ dúró sí i lẹ́nu.

“Ìgbà wo lẹ tún máa wọlé?” ni mo bi í.

“Lọ́la. Àká tó wà nípẹ̀kun. Ọkà ibẹ̀ ti dì bí òkúta.”

Ó di àwo rẹ̀ ó sì lọ, kò jẹun mọ́. Inú àká ìpẹ̀kun yẹn ni ọkọ mi kú sí.

Bí a ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́ ni mo pe ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo rò fún un, láti orí ilẹ̀kùn tó kùn dé orí omi tó ní kí wọ́n lọ mu. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ń ṣe kí wọ́n tó san owó yẹn?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Lọ́dọọdún, kí ilé ìwé tó wọlé, wọ́n á ní kí n wá kọ ọ́ lọ́wọ́ ara mi pé bàbá mi ṣì jẹ́ olóògbé, kí n fọwọ́ sí i. Ṣì jẹ́. Bí ẹni pé wọ́n ń rò ó pé ó lè ti padà dé. Lọ́dún kan, ọwọ́ mi gbọ̀n. Akọ̀wé ní kò hàn dáadáa, kí n tún un kọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa bàbá mi. Látìgbà náà, bí mo bá rí ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí…”

Mo rántí bó ṣe máa ń ti ọ́fíìsì náà bọ̀ tí kò ní í jẹun. Mo rò pé òòyì ọkọ̀ ló ń kọ́ ọ.

Mo ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o kò bá fọwọ́ sí èyí fún àbúrò rẹ, irú èyí tí ìwọ fọwọ́ sí lòun náà á máa fọwọ́ sí.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mò ń bọ̀ lọ́la.”

Kí ọ̀la náà tó mọ́, mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ lè pẹ́. Nígbà tí mo rí i tí àbúrò mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó ń súfèé, mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ àpò, mo tẹ̀ lé e. Ó ti wọlé kí n tó dé ìdí àkàbà. Ọ̀gá iṣẹ́ kígbe sí mi:

“Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?”

“Mo fẹ́ wo ibi tí ọkọ mi sùn sí.”

Ó gbé ojú sílẹ̀. Mo gun àkàbà náà pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ké.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lẹ́bàá ihò, ó di okùn mú. Òórùn ọkà gbígbóná ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Mo ń gbọ́ ọ̀pá àbúrò mi, gbì, gbì, nínú òkùnkùn. Mo jókòó, mo gba ìdí okùn, mo we é mọ́ ọwọ́ mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sún fún mi.

Ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá. “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Oòrùn ti mú jù. Lọ mu omi!”

Mo dá a lóhùn. “Ó ti lọ. Èmi ni mo di okùn.”

Ọ̀pá dákẹ́. Mo gbọ́ tí ọkà ń dà ṣììì níbì kan, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ kúrò níbẹ̀! Ọwọ́ yín ò lè gbé mi.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi we okùn mọ́ ọn. Bó o bá lọ, a jọ ń lọ nìyẹn. Ọmọ tèmi sì ti parí ìwé, ikú tèmi ò ní í wúlò fún ẹnikẹ́ni.”

Mo rọra fa okùn náà. Ó fúyẹ́. Ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi bọ̀ bí ìgbà tí mo fa òwú lára ìdì òwú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu okùn.

Mi ò kígbe. Igbe lè mú kí ọkà já; ẹni tó bá kígbe sínú àká ń bá ọkà ṣiṣẹ́ ni. Mo ní, “Àbúrò mi, so ó padà.”

Ọkà ń dà.

“Ọmọ mi ń bọ̀ wá fọwọ́ síwèé. Ó ti wà lójú ọ̀nà. Ọmọ ìyá mi, so okùn padà.”

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó yá, okùn wúwo lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ tuntun rí, ẹ ó mọ irú ìwúwo tí mò ń sọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹsẹ̀ ti irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ó jáde, gbogbo ara rẹ̀ funfun. Kò wo ojú mi. “Ẹ̀yin náà burú,” ló wí, ó sì jókòó sórí irin.

Ọmọ mi dé nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́. Orí bẹ́ǹṣì mi ni Nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé náà sí, láàárín ìyẹ̀fun. Ọmọ mi di bírò mú, kò sì lè fi kan ìwé. Àbúrò mi dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ tó ṣì kún fún eruku àká. Ìgbà náà lọmọ mi tó kọ orúkọ rẹ̀.

“Ṣó hàn?” ló bi Nọ́ọ̀sì.

“Ó hàn dáadáa, Bùrọ̀dá.”

Nọ́ọ̀sì ti wà nílé ìwé báyìí. Ó ń fọ aṣọ nínú ọgbà fún owó oúnjẹ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ríṣẹ́ òun á san owó ìjọba padà. Bàbá rẹ̀ ṣì ń wọ àká. Kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀ mọ́, mo sì dúpẹ́. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á fa okùn ìbàdí rẹ̀ wò, á sì tún un fà.

Ṣùgbọ́n orúkọ gígùn yẹn ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru àpò, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, dúró tì mí. Ó ń súfèé. Ó ní, “Ìyá Alápò, ẹ má bínú o, mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọmọ yín?”

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó jókòó.