Àpò Gbodo Tí Mo Dá Gbé Rù

Nígbà tí mo sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń pè ní máratọ́ọ̀nù, dé òpin, mo rò pé gbogbo ọjà Ṣakí máa dìde kí mi ni. Èmi tí mò ń ta gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, mo sáré kọjá àwọn géńdé ọkùnrin tí wọ́n jókòó sétí títì tí wọ́n ń tọrọ omi. Mo gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́rùn wọ ọjà. Oníbàárà mi kan wò ó, ó ní, "Ìyá Múfú, ẹ bọ́ nǹkan yìí, kó má já sínú gbodo mi." Ó parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré sísá sú mi. Tí mo bá jáde lẹ́yìn àsùbáà, ẹsẹ̀ mi á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Mo ti sá a tán, kí ni mo tún fẹ́ máa sá fún? Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí n ò bá wá iṣẹ́ míì fún ara yìí, ọ̀rá máa padà wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Àwọn alábàárù Àgọ́-Àrẹ ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra ọjà. Tí wọ́n bá ti rán àpò lẹ́nu tán, àwa obìnrin á máa dúró de ẹni tó máa gbé e rù wá ni, torí kò sẹ́ni tó ń dá gbé àpò gbodo rù ara rẹ̀. Làmídì, olórí wọn, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa fọn fèrè, òun á máa jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ fi mí sílẹ̀ lọ. Inú bí mi.

"Làmídì, mo máa dá a gbé!"

"Ìyá Sáré!" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. "Ẹsẹ̀ lẹ fi sáré o, ẹ ò fi ọrùn sá a."

Lójú ẹsẹ̀, mo di àpò létí méjèèjì, mo fà á sókè. Ó dé àyà mi. Ibẹ̀ ló ti kọ̀ jálẹ̀, ó gbé mi jókòó sílẹ̀, òun náà sì jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, àpò ni ò jẹ́.

Ìyá Ramọ́tà, àgbàlagbà tó ń ta òrí nítòsí, ló fà mí yọ.

"Ṣé àpò náà ń sá lọ ni, tó o fi dì í létí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Lóko wa ní Òfíkì, ta ló máa gbé e rù ọ́? Orí kùkùtè la máa ń gbé ẹrù kà, ká tó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí kùkùtè, itan ẹ ni kùkùtè."

Ó kọ́ mi: kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, yí àpò gun itan, ti itan gbé e dé èjìká, kó o wá ti orí bọ abẹ́ ẹ̀.

Bí mo ṣe rí nǹkan tuntun lé nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń fi àpò tí kò kún kọ́ ọ. Bí ara bá ti gbà á, mo tún bu gbodo kún un. Baálé mi yọjú lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Múfú, ṣé alábàárù lo fẹ́ dà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ló kù tí n ò tíì gbé. Ẹ wọnú àpò."

Ó sá wọlé.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà kan, mo kúnlẹ̀ síwájú àpò tó kún dẹ́nu. Làmídì ké sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wá wòran. Mo yí i gun itan. Itan ń gbọ̀n, mo jẹ́ kó gbọ̀n tán. Mo gbé e dé èjìká, mo ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, mo ní, "Bísímílà!" Mo dìde.



"Rìn!" Ìyá Ramọ́tà pariwo. "Àbí o fẹ́ hù síbẹ̀ ni?"

Mo rìn. Làmídì fúnra rẹ̀ yà fún mi lọ́nà. Dẹ́rẹ́bà ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀ ọ́."

Mo ní kó ní sùúrù. Àwọn aláta ṣì ń sáré bọ̀ láti ìsọ̀ wọn, wọn ò tíì rí mi.