Ọjọ́rú Nìkan Nilé Wa Máa Ń Móoru

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò ní purọ́. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti kúrò nílé Mọ́mì ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, síbẹ̀ tí mo bá ti tan híítà nílé ara mi lónìí, àwọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Wọn kì í ṣe ìyá tó bí mi. Onílé mi ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè wọ́n ní Mọ́mì. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún wọn nínú ìwé yìí nítorí pé àwọn tó bí mi kọ́ mi nílé. Ọ̀wọ̀ nìkan ni wọ́n máa rí gbà lọ́wọ́ mi.

Yàrá méjì ló wà lókè. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, wà nínú ọ̀kan. Mọ́mì wà nínú èkejì, wọn kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀. Híítà ilé náà jẹ́ irú èyí tí omi gbígbóná máa ń gba inú irin ara ògiri kọjá. Ẹ̀rọ funfun kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni wọ́n fi ń tàn án, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì ní wáyà. Ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀ kò mọ Mọ́mì. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Kennington, wọ́n á jù ú sínú báàgì, wọ́n á sì ti òtútù mọ́ wa lórí. Tí wọ́n bá dé, inú báàgì náà ló máa wà.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nígbà tí ewé ń já. Kí Kérésì tó dé, dókítà ti yẹ àyà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí yàrá tó ń sùn tutù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mọ́mì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, doctor ní kí room yẹn warm díẹ̀. Ọmọ yẹn ò mí dáadáa."

"Ṣé o rí gas bill tí wọ́n mú wá last month? Wọ jumper fún un, wọ méjì. Èmi àgbà yìí gan-an, òtútù ò mú mi."

Ìró àti búláòsì fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì ń fi ìwé owó gáàsì yẹn gan-an fẹ́ ara wọn. Mo wò wọ́n, mo sì sọ nínú mi pé yàrá tiyín lẹ kó gbogbo ooru ilé yìí pa mọ́ sí.

Mo lọ ra híítà kékeré tó ń lo iná mànàmáná. Mo máa ń fi rọ́bà irun ọmọ mi di wáyà rẹ̀, màá sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lò ó tí Mọ́mì fi rí i. Wọ́n ní á fa iná, wọ́n gbé e wọ yàrá wọn, ó sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn wọn pa dé, mo máa ń rí wọn lójú inú mi, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú híítà mi.

Mo wá di ọ̀gá nínú ká máa wá ooru kiri. Mo ká ìró àtijọ́ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo lẹ ọ̀rá mọ́ fèrèsé. Mo bu omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, mo sì fi í ti ẹ̀yìn ọmọ. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́, a máa ń jókòó sókè bọ́ọ̀sì lọ sí New Cross, a ó sì tún bá a padà, kì í ṣe pé a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ooru bọ́ọ̀sì la bá lọ.

Ọjọ́rú nìkan ló yàtọ̀. Lọ́jọ́rú, àwọn ará ìjọ Mọ́mì máa ń wá ṣàdúrà ní pálọ̀. Láti ọ̀sán ni ẹ̀rọ funfun yẹn á ti jáde nínú báàgì, á jókòó sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró àdúrà, irin ara ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́. Mùsùlùmí ni mí, àlùfáà ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n màá gbé ọmọ mi, màá jókòó ti ògiri, màá sì máa bá wọn ṣe àmíìn. Àwọn arábìnrin ń yọ̀ pé Olúwa ti fẹ́ mú mi wálé. Ọmọ mi á sùn lẹ́sẹ̀ mi, kò ní wúkọ́ títí wọ́n á fi sọ oore-ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń parí àdúrà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n dá ọmọ mi dúró sí ọsibítù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá wa sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ilé tutù ju ìta lọ. Mọ́mì yọjú, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé jumper wà lọ́rùn ẹ̀?" Mo ní ó wà níbẹ̀, mà. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́rú.

Nígbà tí pásítọ̀ béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, mo nawọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ bá mi yin Olúwa."

"Halleluyah."

"Mo dúpẹ́ nítorí fellowship yìí. Every Wednesday tí ẹ bá ń bọ̀, Mummy wa máa ń on heating, ọmọ mi kì í sì í cough. Thursday to Tuesday, inú bag Mummy ni thermostat máa ń wà. Àná la ti hospital dé, chest ọmọ yìí ni. Ẹ bá mi gbàdúrà kí gbogbo ọjọ́ di Wednesday. Ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy."

Ohùn mi tutù, orúnkún mi wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè ní mo rí àgbà fín. Irin ara ògiri nìkan ló ń dún. Mọ́mì ní, "Praise God," wọ́n sì fa báàgì wọn mọ́ra. Ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kan ò tíì dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, pásítọ̀ kó àdúrà lọ sílé ẹlòmíì ní Brockley, ó ní kí Mọ́mì lè sinmi. Bí Ọjọ́rú náà ṣe tutù nìyẹn. Mọ́mì ní kí n wá ibòmíì lọ kóṣù tó parí. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin ìjọ ló bá mi wá yàrá tó móoru dáadáa, kó tó di pé mo béèrè.

Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ti sọ pé kí n ju kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá wọ yàrá náà nìyẹn. Ó tutù ju tiwa lọ. Kóòtù méjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fìlà onírun wà lórí ìrọ̀rí, ìbọ̀wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń wé e. Híítà mi wà ní kọ̀rọ̀. Rọ́bà irun ọmọ mi ṣì wà lára wáyà rẹ̀ bí mo ṣe dì í.

Wọn ò tàn án rí. Òtútù ń mú àwọn náà, eré lásán ni fífẹ́ tí wọ́n ń fi ìwé gáàsì yẹn fẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ máa rò pé inú mi yọ́. Ó tún bí mi sí i ni. Ká ní wọ́n sọ̀rọ̀ ni, à bá jọ wà níwájú híítà kan ṣoṣo, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí ìbọ̀wọ́ náà. Mo gbé híítà mi, mo jáde. Yìnyín ń bọ́ níta. Mo mọ̀ pé mo lè fi sílẹ̀ fún wọn, mo sì mọ̀ pé ibi tí mò ń lọ ò nílò rẹ̀. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà títí di òní. Mi ò tíì tú rọ́bà yẹn.