Ìwé Ẹ̀rí Ìwà Tí Mo Tẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ eruku ọyẹ́ àti yíǹkì tó ti dì sínú àwọn lẹ́tà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wa wọlé, tó ju ìwé kan tó fọwọ́ kọ sórí tábìlì. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ sílé, kí n má sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé-ìwé girama kan ní Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lẹ́yìn ọdún 1980. Èmi ni mo ń tẹ ìwé, èmi náà ni mo ń tọ́jú fáìlì. Àbúrò ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì níbẹ̀, ti kọ̀wé sí yunifásítì kan pé òun fẹ́ wá gboyè kejì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí a ṣe ń ṣe kọ̀ǹpútà. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí ọ̀gá rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí ìwà ránṣẹ́. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé wọn níyàwó, ṣùgbọ́n ọkọ náà ni lójú mi. Akọ̀wé ni mo ń pè é.

Ìwé ọ̀gá kò gùn. Ó ní Akọ̀wé mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìgba àṣẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Akọ̀wé lò ní Ìbàdàn, níbi tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo tẹ ìwé àṣẹ rẹ̀, ọ̀gá yìí kan náà ló sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì lẹ́yìn mi.

Mo mú ẹ̀dà náà lọ bá ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ mọ́kànlá ni, ẹ sì fún un láṣẹ."

Kò gbójú sókè. "Bó bá lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn oníwèé mẹ́wàá ní físíìsì? Ìwọ?"

"Rárá, sà."

"Ìka rẹ ni mo gbà síṣẹ́, n kò gba ẹnu rẹ. Àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ pọ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ṣé kí n ránṣẹ́ pè wọ́n?"

Mo padà síbi ìjókòó mi, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tí yunifásítì pe Akọ̀wé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kó tó lọ, ó bi mí bóyá ọ̀gá ti kọ ìwé òun. Mo ní ó ti kọ ọ́.

"Ṣé ó dáa?"

"Ọkọ mi, ìwé àṣírí ni. Ẹ má bi mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní agádágodo ló wà lẹ́nu mi. Ó rò pé ohun rere ni mo ń pa mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti yunifásítì dé. Mo ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́, ìyá ọkọ mi wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Akọ̀wé kò jókòó.

"Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ọjọ́ mọ́kànlá ni, mo sì gba àṣẹ. Wọ́n ní kí n mú ìwé àṣẹ náà jáde. N kò ní in lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú." Ó wò mí. "Ìwé ọ̀gá wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo rí àmì yín nísàlẹ̀ rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé ẹni tó bá tẹ ìwé yóò fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ méjèèjì sí ìsàlẹ̀, lápá òsì. N kò gbàgbé rẹ̀ rí. Mo ní mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ní òun yóò lé mi.

"Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́. Èmi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ẹ fi ń wò mí."

Ìyá ọkọ mi dá tẹ̀sùbáà dúró. "Ilé ta lo wà, ìyàwó? Ti ọkọ rẹ, àbí ti ọ̀gá rẹ?"

Mo sọ fún Akọ̀wé pé màá mú ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà wá lọ́jọ́ Ajé, kó fi ránṣẹ́ sí wọn.

"Kí wọ́n fi ṣe kí ni? Ẹni tí wọ́n mú ti kó ẹrù rẹ̀ dé."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Irọ́ náà mọ́ tónítóní, ìyàwó wa. N kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀."