Lẹ́ǹsì Aláfọwọ́yí fún Ọkọ̀ Ìkẹyìn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹni tó bá ní òun kò bẹ̀rù omi, ó káre. Èmi ò ní purọ́ ní tèmi. Bí omi bá ti ju ti inú garawa lọ, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé olómi. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni bàbá wa ti wá dó sí Kétu, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ sì ni gbogbo wa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló yà kúrò lọ́nà. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ní Agbóyì, wọn ò sì padà mọ́. Èmi kàwé mẹ́fà, mo kọ́ṣẹ́ fọ́tò, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòsì títí di òní.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

"Mò ń kan ọkọ̀ kan lọ́wọ́. Òun ló máa kẹ́yìn. Èjìká mi ò gbé òòlù mọ́."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbìyànjú."

"Mi ò pè ọ́ fún oríkì. Fọ́tò ni mo fẹ́. Èmi àti ọkọ̀ náà, láti inú."

Mo ní etí bèbè ni màá dúró sí, pé á dára gan-an níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Láti etí bèbè, gbogbo ọkọ̀ ló jọra. Inú ni iṣẹ́ wà, níbi tí pákó ti wọnú ara wọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kan ọkọ̀, kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tó fi inú ọ̀kankan nínú wọn hàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni olówó rẹ̀ á wá gbé e. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn."

Mo dáhùn pé màá ṣe é. Lẹ́yìn tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó ronú. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ kí nǹkan gígùn wọnú fọ́tò, ẹ̀yìn ló máa ń rìn sí. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi, ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó bá rìn sẹ́yìn, ẹja ló ń lọ kí.

Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló lè gbà mí, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní fiṣáì. Dígí rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ ló kù kó wo ẹ̀yìn etí ẹni tó gbé e dání. Mo gbé kámẹ́rà mi, ó di Ògùdù, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀.

Ó ní, "Uncle, ọ́tò nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá ojú nǹkan. Kí ẹ ṣáà ti tẹ̀ ẹ́."

Mo bèèrè iye rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo rọra gbé lẹ́ǹsì náà padà sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

"Àwọn aláfọwọ́yí ńkọ́, Àǹtí?"

Ó gbé méjì jáde. Ọ̀kan kéré, ó ń dán, owó rẹ̀ sì rọ̀ jù. Mo fi sẹ́nu kámẹ́rà mi, mo wò ó: àárín nìkan ló mọ́lẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ dúdú.

"Ṣé lẹ́ǹsì nìyí àbí ihò kọ́kọ́rọ́?"

Ẹ̀rín pa á. "Ti kámẹ́rà kékeré nìyẹn, Uncle. Fúlù-fíréèmù ni tiyín, inú tiyín fẹ̀. Fìlà ọmọdé lẹ fẹ́ dé sórí àgbàlagbà."

Èkejì wúwo, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti bó. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo yẹ dígí rẹ̀ wò tinú tòde: kò sí àmì funfun bí ti búrẹ́dì tó ti bu, kò sí ibi tó ha. Mo yí òrùka rẹ̀, ó lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo fi sẹ́nu kámẹ́rà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà ló wọlé: obìnrin náà, pẹpẹ, fáànù òkè, ikùn tèmi pàápàá.

Ó ní, "Ẹ ṣá rántí pé ohun tó tọ́ á máa tẹ̀ nínú rẹ̀ o."

"Ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ fi yà. Ìyẹn ti tẹ̀ kó tó débẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ojú yín ńkọ́? Ṣé ẹ máa lè máa fọwọ́ yí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí. Mo ní, "Àǹtí, fíìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, kámẹ́rà kì í bá ẹnikẹ́ni wá ojú nǹkan kan." Mo sanwó rẹ̀, mo fọwọ́ sọ̀yà lọ sílé.

Mo fi í dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rí i pé bí mo bá fi òrùka tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí mẹ́jọ, tí mo fi èyí tó ń wá ojú nǹkan sí ìwọ̀n tí kò pé mítà kan, ohun gbogbo ló ń mọ́, láti iwájú mi títí dé òdìkejì títì, láìjẹ́ pé mo tún yí nǹkan kan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìdí tó fi dùn kò dáa. Ohun tí mò ń rò ni pé ọwọ́ kan á tó fún kámẹ́rà, èkejì á sì ráyè di ọkọ̀ mú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo dé Agbóyì. Àṣà ẹ̀gbọ́n mi ni pé káfíńtà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó nínú ọkọ̀ tó kàn, lórí omi, kí olówó rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ti jókòó sí ìdí ọkọ̀ nínú bùbá funfun, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ kàn án wà láàárín. Wọ́n fi èmi sí iwájú pátápátá, ẹ̀yìn mi kọ omi. Wọ́n ní omi náà kò ju àyà lọ. Àyà ta ni? Mi ò bèèrè.

Mo ya mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi wọ́n ránṣẹ́, kámẹ́rà sì gba ọwọ́ dé ọwọ́ lọ bá wọn. Wọ́n wò ó títí.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ mi bí alákàn yìí."

Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ọwọ́ òsì mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó tóbi bí iṣu, gbogbo iṣan rẹ̀ le. Lẹ́ǹsì tó rí ikùn mi, ó wá fẹ́ ṣàìrí ọwọ́ mi! Àwọn ọkùnrin méjì yẹn rẹ́rìn-ín débi tí ọkọ̀ fi ń mì, ìyẹn ò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá onífọ́tò, ẹ tú u sílẹ̀, kò ní sá lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ibi tí ọwọ́ ẹ bò yẹn ni mo ti mú pákó wọnú pákó láìlo ìṣó kankan. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Oòrùn sì ti ń lọ. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

Wọ́n dá kámẹ́rà padà. Mo ká ìka mi kúrò lára pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ fì díẹ̀. Ó jọ pé ọkàn mi fò jáde, ó sì padà sí Ìkòsì.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kàn án. Kò ní dojú dé."

Mo ya orúnkún méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n lè jókòó re, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá kámẹ́rà mú. Ibi tí pákó ti wọnú ara wọn yẹn sún mọ́ mi ju ìwọ̀n tí mo ti fi lẹ́ǹsì sí lọ, mo sì yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mú bí abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi na ẹ̀yìn wọn ró. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó rántí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi fi pákó tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ náà kan fíréèmù fọ́tò náà fúnra wọn. Ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn: gbogbo inú ọkọ̀, láti etí dé etí, wọ́n sì jókòó ní ìdí rẹ̀ bí ọba. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, àlejò kan bèèrè ẹni tó yà á.

"Àbúrò mi tó jókòó yìí ni. Ó kẹ̀yìn sí omi, kò sì di nǹkan kan mú."

Mo tún fìlà mi ṣe. Mi ò mẹ́nu ba ti mọ́kànlá àkọ́kọ́.