Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyá Ẹ̀yìnkùlé Wa

"Ẹ gbé etí lé e, kí ẹ gbọ́," ni ìyá náà wí. La bá tò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé wa ní Ìsarà, a ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kò síná lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́, bí àwọn àgbàlagbà tó ń ṣòfófó nínú yàrá. Òórùn rẹ̀ kan, ó sì tún dùn. Tísà wa ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín: "Kí lẹ ń kọ? Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n o."

Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ló ń gbé, ògiri kan ló là wá láàárín. Opó ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, ohun kan náà ni wọ́n á máa wí: kó fi ọtí àgbàdo yẹn sílẹ̀, kó sinmi. Bẹ́ẹ̀ kì í tà á. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ, òun náà sì ń wá ẹni tí òun máa kọ́ kí òun tó lọ. Gbogbo wa la mọ̀, torí kì í fi bò.

Lọ́jọ́ yẹn, ó bu àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan fún wa. Kí a rẹ ẹ́, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e títí á fi hù, kí a sá a gbẹ, kí a sì gbé e wá ní Sátidé kejì ká jọ sè é. Àṣà kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀: tó bá ti sẹ́ omi àgbàdo náà tán, kó tó bò ó kó lè di ọtí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní ahọ́n òun ti mọ́ ọn lára jù.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí pé tísà ń kó ọmọ lọ kọ́ ọtí pípọn. Háà! Ìlú gbóná. Tísà bẹ̀bẹ̀, ó yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Màámi ní òun ò gbọdọ̀ rí mi lọ́hùn-ún, èmi ọmọ kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàdo tèmi ti hù, ó ti yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín. Mo dà á fún adìyẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá náà pé a ò ní wá mọ́.

Nígbà tí Sátidé yẹn pé, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó yá bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ó lọ àgbàdo tí òun fúnra rẹ̀ mú hù, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, òórùn dídùn sì fo ògiri wá bá mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pè mí. Màámi ò sí nílé, mo lọ.

"Àwọn tó kù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá."

Ẹ wo ẹnu mi! Irọ́ yẹn ló mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí mo tún yọjú, ó na ife sí mi.

"Gbà, tọ́ ọ wò. Kò tíì di ọtí o, omi àgbàdo lásán ni."

"Màámi ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa lọ, kí wọ́n má bàa wá ẹ." Ìkòkò náà wà ní ṣíṣí títí di Mọ́ńdè, ó bàjẹ́. Mo gbọ́ nígbà tó ń dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò pọn òmíràn mọ́. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ló kú, òun nìkan nínú ilé náà.

Ní báyìí, Ṣàgámù ni mò ń gbé. Àwa mélòó kan tá a ń pọn ọtí nílé fún ìgbádùn ara wa máa ń pàdé ní òpin ọ̀sẹ̀, a sì ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì wá wò bá a ṣe ń ṣe é. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìkòkò ló sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń yin ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi. Èmi ò mọ̀ bóyá ó jọ tirẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Mà, ta ló kọ́ yín?" Mo máa ń dáhùn pé ìyá kan ní Ìsarà ni. Irọ́ tún ni. Ó fẹ́ kọ́ mi ni, èmi ni mi ò gbà.