Ajere Ilé Kienast

Bọ̀dá Lothar Kienast kò fọ abọ́ rí títí ó fi darúgbó. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé àwọn ará Hagenrode, abúlé wa, tó máa ń yìn ín kì í débẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó mọ àṣíborí àtijọ́ tó o ní gbogbo agbègbè wa, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́pàá, ìbáà jẹ́ ti panápaná. Òótọ́ ni. Èmi tí ilé mi fara kan tirẹ̀ kò lè jiyàn ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn á kó àṣíborí wá sórí tábìlì rẹ̀. Kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Á yí i dà, á kiwọ́ bọ inú rẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò wá òkè ibẹ̀ bí ẹni ń wá eégbọn lára ajá. Àṣíborí panápaná ayé ìjọ́un ní ogbe onírin lórí, bíi ti àkùkọ. Ti ọlọ́pàá kò ní. Ti ọlọ́pàá ni àwọn olówó sì ń du, nítorí náà àwọn oníjìbìtì máa ń tú ogbe kúrò, wọ́n á dí ihò rẹ̀, wọ́n á lẹ ààmì ọlọ́pàá mọ́ ọn. Ọkùnrin kan gbé irú ẹ̀ wá nígbà kan, tó ń gbé àyà sókè. Bọ̀dá Lothar kàn tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì dá a padà fún un.

“Ọ̀gá, àkùkọ lẹ rà. Wọ́n ti gé ogbe ẹ̀ ni.”

Ọkùnrin náà ní ẹni tóun fọkàn tán ló tà á fóun. Bọ̀dá Lothar ní kó lọ máa fọkàn tán an nìṣó.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kọ́ ló ń lé e kiri ọjà àlòkù. Àṣíborí bàbá rẹ̀ ló ń wá. Bruno Kienast, tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, wà lára àwọn panápaná abúlé wa. Nígbà ogun, bọ́ǹbù bọ́ lu ilé ìlọkà, ó lọ paná níbẹ̀, ògiri sì wó lù ú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, àṣíborí rẹ̀ sì di àwátì, tàbí ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Lothar kéré nígbà náà. Ohun kan ló rántí: bàbá rẹ̀ ti ṣèèṣì lu ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogbe rí, ó fi idẹ dí i, ó lù ú pẹrẹsẹ, ó sì jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Idẹ yẹn ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá láàárín àlòkù. Tó bá ti ọjà dé lọ́wọ́ òfo, ojú rẹ̀ á rí bíi ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà náà, n ò ní purọ́.

Traute àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ló ń se oúnjẹ fún un. Oníbúrẹ́dì kan fẹ́ fi Traute ṣaya nígbà tó ṣì lómi lára. Bọ̀dá Lothar bi í pé ta ni yóò máa se ànàmọ́ fóun, ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì sì parí síbẹ̀. Inú ìyẹn ń bí mi títí dòní.

Lọ́jọ́ kan mò ń bá Traute nu abọ́. Ó gbé ajere tó fi ń sẹ́ omi ànàmọ́, ó fi ìka mi kan ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Fífọ̀ ti jẹ tánganran funfun ibẹ̀ lọ. Idẹ róbótó kan ń dán níbẹ̀, kò ju èékánná lọ.

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Àwọn tó gbé òkú wálé gbé àṣíborí náà wá pẹ̀lú. Ìyá wọn fi pa mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ebi lẹ́yìn ogun mú wọn, tí kò sí ìkòkò kan nílé, ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Ìyẹn tú ogbe rẹ̀, ó gé etí rẹ̀, ó dá a lu bí ajere, ó fi ẹsẹ̀ sí i, wọ́n sì fi tánganran bò ó. Ìyá kò sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má bàa kọ oúnjẹ. Ìgbà tó ń kú lọ ló ní kí Traute sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kí lo wá ń dúró dè?” ni mo bi í.

Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá wọn. Òun ní, “Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ àṣíborí Bàámi...” Ọjà ni Bọ̀dá Lothar ti ń bọ̀, kò rí nǹkan kan mú bọ̀, kò sì jẹ́ kóun parí rẹ̀.

“Traute, kí lo mọ̀ nípa àṣíborí? Ànàmọ́ ni kó o bójú tó.”

“Mo sì ń bójú tó o,” ni Traute wí fún mi. “Ọjọ́ tó bá fọ abọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, á rí i. Àtàǹpàkò ẹ̀ ò ní ṣì í.”

Mo ní ìkà nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ti jẹ nínú rẹ̀ pẹ́. Gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá Lothar bá ti ọjà dé, Traute á gbé ajere náà ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ànàmọ́ tó ń gbóoru. Bọ̀dá Lothar á bù, á jẹ, á dìde.

Nígbà òtútù, Traute ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìdáná, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí àwọn tó wá síbi ìsìnkú mu kọfí wọn tán tí wọ́n lọ, abọ́ kún ilẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá Lothar, ẹ bọ́ kóòtù yẹn, kẹ́ ẹ wá fọ̀ ọ́. Èmi á máa nù ún.” Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó jó. Ó fọ ife, kò mọ́. Ó fọ àwo, kò mọ́. Ó wá kan ajere, tí ànàmọ́ ìkẹyìn Traute ti gbẹ mọ́ nínú. Ó yí i dà, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúró.

Ó gbé ojú sókè wò mí.

“Annegret, ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ ní kó lọ bójú tó ànàmọ́.”

N kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo nu àwo tó kù, mo sì tò wọ́n sí ibi tí Traute máa ń tò wọ́n sí. Bọ̀dá Lothar ti ajere náà bọ omi padà, ó ń fọ̀ ọ́. Ó ti mọ́ tipẹ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́ nígbà tí mo wọ kóòtù mi tí mo lọ sílé.